Ìdajì Mílímítà fún Ọkọ̀ Málọmọ́

Massè, Adja-Ouèrè
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2023

Fiacre ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Faransé. Ìyá rẹ náà ní kí n kí ọ, ó ní kí n rí i pé kíkí tòun ju tèmi lọ. Ara wa le díẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí mú gan-an, ẹ̀gẹ́ kò fẹ́ fà tu nínú ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá. Má bínú pé lẹ́tà ni mo tún ń kọ. O mọ̀ pé etí mi ti kọṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá gbé fóònù sí mi létí wulẹ̀ ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Bí ìyá rẹ bá sì bá ọ sọ̀rọ̀ tán, ohun tó bá wù ú ló máa ń sọ fún mi pé o wí. Ohun tí mo bá fi ojú ara mi kà ni mo fọkàn tán. Arnaud tó ń kó ọkọ̀ àlòkù láti ọ̀dọ̀ yín wá sí Kútọnù ni yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ pẹ̀lú àpò gàrí kan. Bí àpò náà bá fúyẹ́ nígbà tó bá dé, Arnaud ni kí o bi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ikú Málọmọ́ ti pé ọdún. Fáádà ti ṣe Mísà fún un, àwọn ẹbí sì ti jókòó lórí ohun tó fi sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kò pọ̀, o mọ̀ pé kò bìkítà fún aṣọ. Ọkọ̀ ẹrù Tòyótà tó fi ń kó àgbàdo àti epo lọ sí Pobè ni ohun gidi tó ní. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. O mọ bó ṣe rí nílé wa: àwa òbí kì í jẹ ogún ọmọ. N kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà, n kò gbọdọ̀ tà á, n kò tilẹ̀ gbọdọ̀ jẹ nínú ohun tó bá mú wọlé. Àbúrò rẹ̀ ló ni í, ìwọ nìkan sì ni àbúrò tó ní. Ẹbí ní kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ gba kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo wọn.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣáájú àìsàn yẹn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń rú èéfín, tí kò lè gbé ẹrù gun òkè mọ́. Kàsímù mẹkaníìkì tú u, kó sì tó tò ó padà, ẹ̀gbọ́n rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, kò dìde mọ́. Kàsímù ní àwọn ihò tí písítọ̀n ti ń lọ tó ń bọ̀ ti jẹ, a óò fi ẹ̀rọ gé inú wọn kó fẹ̀ sí i, a óò sì wá písítọ̀n tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ fún wọn. Ó ní kí o fi èyí tó tóbi jù ránṣẹ́, kí a lè ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni o ń ṣe níbẹ̀, n kò rò pé ìyẹn máa le fún ọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, o kò wá. Mo sọ níta pé n kò bínú. Nínú ilé, mo bínú. O kọ̀wé nígbà náà pé kí ni o fẹ́ wá ṣe, pé wọ́n ti sin ín tán. Ó dára. Ohun kan ti wà báyìí tí o máa wá ṣe. Wá gba ọkọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Augustin Akínlọ́lá


Le Havre
Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, ọdún 2023

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú wàhálà Mísà, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo kí ìyá mi. Gàrí dé, kò fúyẹ́, Arnaud ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo da omi sí díẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, mo sì jókòó tì í láìjẹ ẹ́ títí ó fi wú kún abọ́. Ilé ni mò ń rò.

Mo ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà lákàtúnkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Kàsímù pé kí ẹ̀rọ kankan má tíì kan ihò wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ihò mẹ́rin ló wà nínú irin ẹ́ńjìnnì yẹn. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, wọn kì í rí roboto mọ́, wọ́n á sì jẹ lápá òkè ju ìsàlẹ̀ lọ. A máa ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Èyí tó bá jẹ jù nínú wọn ló máa sọ ìwọ̀n tí gbogbo wọn yóò gbà. A kì í ra písítọ̀n tó tóbi ju èyí tó máa jẹ́ kí àpá inú ihò burúkú yẹn pa rẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu mẹkaníìkì láti fò sórí èyí tó tóbi jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n irin tí a bá gé kúrò kì í padà, ẹ́ńjìnnì yẹn sì ní tùbó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ tipátipá. Agbára rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ pọ̀. Bí ògiri ihò bá ti fẹ́lẹ́ jù, ó lè sán mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá kó ẹrù wúwo.

Ohun mìíràn tún wà. Písítọ̀n la kọ́kọ́ ń rà. Bó bá dé ọwọ́, a óò wọn òun náà, ká tó wá gé ihò tó bá a mu. Ooru tùbó máa ń mú kí písítọ̀n wú, a sì gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wíwú yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa há. Kí Kàsímù wo orí àwọn písítọ̀n àtijọ́. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà kan sí i, á jẹ́ pé ẹnì kan ti gé ihò náà rí kí ẹ̀gbọ́n mi tó ra ọkọ̀.

Ẹ ní kí n wá. Mo fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ṣé ọkọ̀ tí inú rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo máa wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà bá dún, ẹ kọ̀wé sí mi, màá wá. Mo ṣèlérí.

Ọmọ yín,
Fiacre


Massè
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, ọdún 2023

Fiacre ọmọ mi,

Ìlérí rẹ dé. Ìyá rẹ ní kí n ka ibẹ̀ fún òun, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Nígbà tó yá, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, òun tí kò mọ̀wé, ó sì ń wò ó.

Mo ti di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ní alẹ́, dípò kí n máa ro oko, ihò ni mò ń rò. Kàsímù wo orí àwọn písítọ̀n, kò sí nọ́ńbà kankan, ẹnikẹ́ni kò gé e rí. Olúwatóbi, ọmọ àbúrò mi tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ wakọ̀, bá mi gbé irin náà lọ sí Kútọnù, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ihò mẹ́ta kò burú. Ẹ̀kẹta láti iwájú ló bàjẹ́ jù. Ó ní ó jẹ ju ìdámẹ́rin mílímítà lọ, kò sì dé ìdajì. Mo ní kó tún un wọ̀n níṣojú mi. Ojú rẹ̀ fi hàn pé mo ti ń sú u.

Kàsímù ṣì ń sọ pé odidi mílímítà kan ni ká gé. Mo ní ọmọ mi ní rárá. Ó ní, "Bàbá, Fiacre ń wo ìwé ní Faransé, èmi ń wo mótò níbí." Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o bá dé. Ó rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ní gbogbo Sátidé, ìyá rẹ máa ń gbé omi lọ sábẹ́ àtíbàbà, á nu ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan. Mo bi í pé eruku wo ló ń nù. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. O mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé Málọmọ́, wọ́n ní ká wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé e gba ẹ̀yìn ilé. Títí di òní, kò sẹ́ni tó fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn wá, kò sì yẹ ká béèrè. N kò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Nítorí náà, ọkọ̀ yẹn ni ìyá rẹ ń lọ bá.

Àwọn ará ibí kò pè mí ní Bàbá Málọmọ́ mọ́. Bàbá Fiacre ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe mí. Bí wọ́n bá sì pè mí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo lo ń bọ̀.

Bí písítọ̀n bá dé kí oṣù Kẹwàá tó parí, o lè bá wa ṣe Kérésì. Ìyá rẹ ti ya àgbébọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọ.

Bàbá rẹ


Le Havre
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn, Arnaud náà kò tètè rí ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé ẹrù rẹ̀.

Mo ti yan písítọ̀n. Àwọn tó fi ìdajì mílímítà tóbi ju ti àtijọ́ lọ ni. Ìwọ̀n tí ọkùnrin Kútọnù yẹn mú ló jẹ́ kí n mọ̀: bí ihò kẹta kò bá tíì jẹ dé ìdajì, gígé ìdajì yóò mú gbogbo àpá rẹ̀ kúrò, ògiri yóò sì ṣì nípọn tó láti gba ìyà tùbó. Bí ẹnì kan bá tún fẹ́ gé e lẹ́yìn ọdún púpọ̀, irin yóò ṣì wà fún un. Mo gbé wọn lórí ìwọ̀n, ìwúwo wọn dọ́gba. Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan fúnra mi lẹ́yìn tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ jẹun. Mo fi gègé kọ ihò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀ sórí rẹ̀, kí Kàsímù má pa wọ́n pọ̀. Ìwọ̀n àyè tí wọ́n máa fi sílẹ̀ yí i ká wà nínú bébà tó wà nínú àpótí.

Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò ṣe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni báyìí rí.

Ní ti Kérésì, ẹ má fi mí sí i. Àwọn nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ parí níbí. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi bẹ ìyá mi, kí wọ́n pa àgbébọ̀ náà jẹ.

Ọmọ yín,
Fiacre


Massè
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2023

Fiacre,

Àná ni àpótí rẹ dé pẹ̀lú lẹ́tà rẹ. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣòro fún mi, mo ti fa bébà méjì ya.

A ti gé ihò náà. Oṣù kọkànlá la gé e. Oṣù Kẹwàá parí, a kò rí písítọ̀n, a kò rí lẹ́tà. Ìyá rẹ ti kun yàrá rẹ, ó ti tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀. O ti sọ pé tí ẹ́ńjìnnì bá dún o máa wá, mo sì ń wò ó pé Kérésì ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì kò dún. Kàsímù wá sọ pé òun rí ibi tí wọ́n ti ń ta písítọ̀n tó fi odidi mílímítà tóbi ní Kútọnù, pé ká gé ihò náà sílẹ̀ dè é. Èmi ni mo ní kó gé e. Má fi bú u, mo fẹ́ kí èyí yé ọ: èmi ni mo ní kó gé e. Nígbà tí a padà lọ ra písítọ̀n náà, wọ́n ní ẹlòmíràn ti rà á lọ, àwọn kò sì ní irú rẹ̀ mọ́.

Ní àná, mo mú ọ̀kan lára èyí tí o fi ránṣẹ́. Ó ń dán, mo rí ibi tí o fi gègé kọ ọ́ sí. Mo tì í sínú ihò. Ó wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń wọ bàtà mi. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo dá a padà sínú àpótí rẹ. Kàsímù dúró síbẹ̀, kò lè wo ojú mi.

Mo mọ̀ pé o ti sọ ọ́ pé irin tí a bá gé kì í padà. Mo kà á. Mo kàn fẹ́ bi ọ́ bóyá ọ̀nà kan wà tí o kò tíì sọ.

Bàbá rẹ


Le Havre
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì, ọdún 2024

Bàbá,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi.

N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Mo kọ ọ́ kedere pé kí ẹ̀rọ má kan irin náà kí písítọ̀n tó dé. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́. Ẹ kà á, ẹ wá gbọ́ ti Kàsímù. Odidi mílímítà lára ẹ́ńjìnnì tó ní tùbó. Bí mo bá tilẹ̀ rí písítọ̀n rẹ̀ fi ránṣẹ́, èmi kò ní fẹ́ kí ẹni tí mo mọ̀ kó ẹrù lé e.

Kí ló ń lé yín? Ta ló ní dandan ni kí ọkọ̀ yẹn rìn ní Kérésì? Àbí ẹ̀yin àti Olúwatóbi ti ṣètò bí yóò ṣe máa ná Pobè fún yín? Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì nínú ilẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin. Bí kò bá sì ṣeé tà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó ti sú mi.

Fiacre


Le Havre
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò tíì dìde. Arnaud ti lọ, ó ti dé, lẹ́ẹ̀mejì, kò mú ìwé kankan wá. Mo pe fóònù ìyá mi, wọ́n ní ẹ ń kí mi, wọ́n sì dákẹ́. Ìyá mi kì í dákẹ́ lórí fóònù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé lẹ́tà mi ṣe yín ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ owó tí mo sọ yẹn, ẹ bá mi fà á ya. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè jẹ nínú ogún Málọmọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ wa. Inú ló ń bí mi, n kò rí ẹni tí mo lè fi ìbínú náà lé lórí, mo wá fi lé yín.

Òtítọ́ rèé. N kò ní ìwé ìgbélùú. Wọn kò fún mi rí. Ọ̀gá mi ń lò mí bẹ́ẹ̀ náà nítorí pé ọwọ́ mi dára. Bí mo bá jáde kúrò ní Faransé, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ìdí tí n kò fi wá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú nìyẹn. Nígbà tí ẹ kọ̀wé nípa ọkọ̀, mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì fa àkókò gùn, bóyá ìwé á dé kó tó dún. Ó ń tì mí lójú láti sọ fún yín, nítorí gbogbo Massè ló rò pé mo ti rí ṣe.

Ọ̀nà tí ẹ béèrè wà. Wọ́n lè fi ẹ̀wù irin wọ ihò náà. Wọ́n á tún un gé díẹ̀, wọ́n á ti irin tuntun roboto tó nípọn wọ inú rẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì gé inú ẹ̀wù náà dé ìwọ̀n písítọ̀n tó wà lọ́wọ́ yín. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n á ṣe é fún. Bí ọkùnrin Kútọnù yẹn bá fara balẹ̀, yóò lágbára tó ti àtijọ́. Mo ti fi ohun tí wọ́n nílò ránṣẹ́ nípasẹ̀ Arnaud.

Mo tún ti ro ọ̀rọ̀ ogún náà. Kò dára kí ọkọ̀ yẹn jókòó sí yín lọ́rùn nítorí mi. Nítorí náà, èmi Fiacre, àbúrò Málọmọ́, mo fi í fún Olúwatóbi tọkàntọkàn, kó máa lò ó, kó máa fi ṣe oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí fún ẹbí kó lè bá àṣà mu. Báyìí, ẹ kò ní máa ṣọ́ ọ̀nà mọ́, ọkàn yín yóò sì balẹ̀.

Ọmọ yín,
Fiacre


Massè
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 2024

Fiacre ọmọ mi,

Mo kí ọ. Dìde nílẹ̀, n kò bínú mọ́. Ìbínú náà pọ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Òní ni ọjọ́ tí ìjọ ń rántí àwọn òkú. Àwọn ènìyàn gbé àbẹ́là lọ sí ibojì àwọn ẹni wọn. Èmi àti ìyá rẹ jókòó sílé. Mo ní kí n kúkú kọ̀wé sí ẹni tí mo mọ ibi tó wà.

Wọ́n ti fi ẹ̀wù irin náà wọ ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin Kútọnù yẹn fara balẹ̀ gan-an, mo jókòó tì í, mo ń wọn ojú rẹ̀ bó ṣe ń wọn irin. Kàsímù fi àwọn písítọ̀n rẹ sí ihò tí o kọ sórí wọn, kò pa wọ́n pọ̀, kò sì bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo ilé ló jáde. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí i pé àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, mo rí ìyá rẹ tó fi ìró bojú. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó ń gbọ̀n wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti dún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, Fiacre.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe ẹbí jọ, mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn. Èmi fúnra mi ni mo kà á, n kò fo ìlà kankan àfi ti ìwé ìgbélùú, nítorí ìyẹn kì í ṣe tiwọn. Olúwatóbi dọ̀bálẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó wa ọkọ̀ náà jáde lábẹ́ àtíbàbà, ó sì gba ọ̀nà Pobè lọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kò ṣẹ̀ mí.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí o ṣe fún mi. O rò pé ẹrù lo sọ̀ kúrò lórí mi. Ọkọ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ẹrù fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, èmi tí n kò lè jókòó nínú rẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé ó ku ohun kan ní ilé yìí tí kò lè di ti ẹnikẹ́ni àfi bí o bá wá. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ wá, bó pẹ́ bó yá. Òun ni mo fi ń fà ọ́. Ìdí tí mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ ihò àti písítọ̀n ní ọjọ́ ogbó mi nìyẹn. Ìlà mélòó kan nínú lẹ́tà ni o fi tú okùn náà.

Ó sì yẹ kí o ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn fún mi ní ọjọ́ kìíní. Ṣé o rò pé ojú rẹ á wálẹ̀ lọ́dọ̀ mi? Bí mo bá mọ̀ pé o kò lè wá ní Kérésì, n kì bá tí sáré gé irin. Ǹ bá ti jókòó dè ọ́, ǹ bá sì ti sọ fún ìyá rẹ kó má kun yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sùn lórí ẹní tuntun yẹn báyìí. Ó ní òun kò fẹ́ kó ṣòfò lásán.

Mo ní kí wọ́n má tú àtíbàbà náà. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo, epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára rẹ̀. Mo pe Olúwatóbi àti àwọn yòókù síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin mí sí lọ́jọ́ tí mo bá kú. Wọ́n ní ìjọ ní ibi ìsìnkú. Mo ní mo mọ̀. Ìwọ ni ọmọ, èmi ni òbí, kò sí àṣà kankan tó ní kí wọ́n fi ibojì tèmi pamọ́ fún ọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé, ì báà jẹ́ pé orí rẹ ti funfun, o kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, ojú ọ̀nà ni wàá ti rí i.

Èyí ni ogún tó kù fún ọ nílé. Olúwatóbi kò lè bá ọ gba èyí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Augustin Akínlọ́lá